Ìwo Ló Ń Jẹ Wàrà

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì

Màámi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù. Ara wa le níbí, àyàfi imú mi. Ọ̀rọ̀ imú mi ni mo sì fẹ́ bá yín sọ, torí kò sẹ́ni tí màá sọ ọ́ fún nínú ilé yìí tí kò ní fi mí rẹ́rìn-ín.

Òbúkọ yẹn ń tọ̀ sí irùngbọ̀n ara rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀. Ẹ ò sọ fún mi kẹ́ ẹ tó lọ. Á tẹ orí wálẹ̀, á tọ̀ sẹ́nu, á tọ̀ sí irùngbọ̀n, á wá gbé orí sókè, á ká ètè bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ́ oyin wò. Lẹ́yìn náà, ara aṣọ mi ló máa wá nu irùngbọ̀n ọ̀hún sí. Mo ti fọ ọwọ́ títí awọ fi ń bó. Bí mo bá ń jẹun, òórùn rẹ̀ ni mò ń jẹ. Bí mo bá sùn, òun ló wà nínú ìrọ̀rí. Ó ń rí mi lára débi pé mo sunkún lánàá, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ṣe mí ní nǹkan kan.

Àwọn tá a jọ wà ní kíláàsì kí n tó fi ilé ìwé sílẹ̀ máa ń gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá. Wọ́n á di imú, wọ́n á wá máa kí mi pé, “Ìyàwó Apárí, ẹ kúulé o! Ọkọ ńkọ́?” Àwọn ni wọ́n sọ òbúkọ náà ní Apárí torí kò ní ìwo. Kékeré náà ti kọ́ ọ. Ọmọ ọdún mẹ́rin, ó ń pe èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìyàwó òbúkọ.

Ẹ ní kí n máa bá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù Bàbá. Bàbá máa ń dúró tì mí. Wọ́n á gbọ́ tèmi, wọ́n á gbọ́ tiyín, wọ́n á sì tún máa fèsì fún àwa méjèèjì. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn.

Oníbúrẹ́dì tún béèrè wàrà. Ó ní garawa méjì láràárọ̀ ni òun lè fi ṣe nǹkan, bí ò bá pé méjì, kí n má gbé e wá. Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́ lójú mi lọ́jọ́ tẹ́ ẹ lọ, pé ọjọ́ tí garawa méjì bá kún lẹ máa palẹ̀ ẹrù mọ́, torí ìyẹn tó láti gbọ́ bùkátà ilé wa láìjẹ́ pé ẹ wà lẹ́yìn odi. Màámi, kò tíì kún. Garawa kan àti díẹ̀ ni. Oníwo nìkan ló ń ṣe ju ìdajì ẹ̀, àwọn yòókù kàn ń jẹ koríko. Ẹ rántí Oníwo, èyí tí ìwo rẹ̀ kan ń wo ilé aládùúgbò, tí èkejì ń wo ọ̀run.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọṣẹ olóòórùn dídùn ránṣẹ́, àti ìbọ̀wọ́ onírọ́bà. Kí ẹ sì fèsì kíákíá. Ìgbà tó kọjá, ẹ jẹ́ kí ọrùn mi gùn níbi tí mo ti ń retí èsì.

Ọmọ yín tó ń rùn.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta

Afínjú mi,

Mo kí ọ, mo kí bàbá rẹ, mo kí Kékeré. Mo ka lẹ́tà rẹ, mo rẹ́rìn-ín títí ẹni tá a jọ ń gbé yàrá fi béèrè bóyá wọ́n ti sọ mí di ọ̀gá. Má bínú. Òbúkọ ń tọ̀ sí irùngbọ̀n torí lójú tiẹ̀, oge ló ń ṣe. Bí bàbá rẹ ṣe ń da lọ́fínńdà sọ́rùn nígbà tó ń wá mi kiri náà nìyẹn. Èmi náà fara dà á.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí níbí fún ọ. Níbi iṣẹ́ wa, wàrà ń gba inú páìpù bí omi ẹ̀rọ. Èmi ni mò ń fọ páìpù àti àwọn agolo ńlá tí wọ́n ń gbé e sí. Wọn kì í jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ àwọn ewúrẹ́ torí ìmọ́tótó, ṣùgbọ́n láti òdìkejì irin, mò ń rí orí wọn nígbà tí wọ́n bá tò sídìí ẹ̀rọ. Ọmọ mi, orí gbogbo wọn dán. Kò síkan tó ní ìwo. Ẹyọ kan nínú wọn ń fún wàrà tó pọ̀ ju ti gbogbo ewúrẹ́ wa lọ.

Ọ̀gá wa sọ pé yíyàn ni wọ́n ń yàn wọ́n láti ìran dé ìran. Ó ní, “Ẹ má wo òbúkọ, ìyá tó bí i ni kẹ́ ẹ wò. Òbúkọ ò ní ọmú, ṣùgbọ́n ọmú ìyá rẹ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ló sì máa gbé e fún.” Àbí o ò rí i pé ẹni bíni là á jọ?

Mo wá jókòó, mo ro tèmi mọ́ ọn. Kí ló dé tí tibí ò fi ní ìwo? Ìwo ló ń jẹ wàrà. Oúnjẹ kan náà ni ewúrẹ́ ń jẹ. Bó bá lọ fi kọ́ ìwo sórí, kí ló máa kù fún ọmú? Nítorí náà, Apárí ni kó gun àwọn abo. Àwọn abo mẹ́rin tí kò ní ìwo ni kó o fi sílẹ̀ fún un. Kó o ta gbogbo àwọn tó ní ìwo. Bí àwọn mẹ́rin yẹn bá bí ọmọbìnrin tí orí wọn dán, garawa méjì á kún, màá sì wá sílé.

Ọṣẹ náà ń bọ̀. Ìbọ̀wọ́ kò dáa fún ọmú ewúrẹ́, fi ọwọ́ rẹ fún un.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Màámi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìnáwó ọṣẹ. Ọṣẹ dé. Òórùn òdòdó àti òórùn òbúkọ ti wá pa pọ̀ lára mi. Èyí tó jáde níbẹ̀ burú ju èyí tó wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní àfojúdi. Ẹ ní ká wo ìyá. Mo wo ìyá. Ìyá Apárí ni ewúrẹ́ funfun tó kú lọ́dún tó kọjá. Ife kan ló ń fún láàárọ̀, ó sì máa ń ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ọmọ Oníwo akọ wà níbí, kókó ìwo méjì ti ń yọ lórí rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ọ̀gá yín bá jẹ́ òótọ́, ọmọ Oníwo ló yẹ ká fi sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló ń gbé wàrà ilé wa. Orí lẹ̀ ń wò, Màámi. Ọmú lẹ ní ká wò.

Mo sọ ọ́ fún Bàbá. Wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n ní, “Ìyá rẹ ti di ọ̀jọ̀gbọ́n ewúrẹ́. Èmi ta ni?”

Mo ní, “Ẹ̀yin ni baálé ilé.”

Wọ́n ní, “Baálé ilé ni mí. N kì í ṣe baálé ewúrẹ́. Ìwọ àti ìyá rẹ ni kẹ́ ẹ jọ jà á.”

Mo ti ń wọn wàrà ewúrẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ láti ọjọ́ tí lẹ́tà yín dé. Iṣẹ́ burúkú ni. Ọmú wọn gbóná, ó rọ̀, iṣan wà lára ẹ̀ bí ekòló. Mi ò fẹ́ fọwọ́ kàn án, síbẹ̀ mo fọwọ́ kàn án, mo tẹ̀ ẹ́, mo wo bó ṣe so mọ́ra. Àwọn mẹ́rin tẹ́ ẹ fẹ́, tiwọn ń fì jọ̀bọ̀tọ̀ bí àpò òfo, wàrà tó wà níbẹ̀ ò kún abọ́. Ti Oníwo le, ó so mọ́ra pinpin, ó sì máa ń súnkì lẹ́yìn tí mo bá ti fún un tán. Mo mọ èyí tó dáa. Ó ń rí mi lára pé mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n fi Oníwo sílẹ̀. Mo bẹ̀ yín.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Mo kí yín nílé. Lẹ́tà rẹ gùn, etí mi sì gbọ́ ọ.

Ta ló wà níbi tí wàrà ti ń ṣàn, èmi tàbí ìwọ? Ewúrẹ́ mélòó lo ti rí láyé rẹ? Èmi ń rí ọgọ́rùn-ún orí lójúmọ́, kò síkan tó ní ìwo nínú wọn. Oníwo ń fún wàrà lónìí, mo gbà. Bí kò bá ní ìwo, mélòó ni ì bá máa fún? Ronú síbẹ̀.

N kò fi ọ́ sílẹ̀ sílé nítorí pé mi ò nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ọwọ́ mi ti ń là níhìn-ín nítorí kẹ́míkà tá a fi ń fọ páìpù. Mo fẹ́ wá sílé. Má jẹ́ kí ewúrẹ́ kan ṣoṣo dí mi lọ́nà.

Tà á, òun àti ọmọ rẹ̀.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹfà

Màámi,

Ẹ kú ilé, àbí ẹ kú ẹ̀yìn odi, mi ò mọ èyí tí mo tún lè kí yín mọ́.

Mo ti tà á. Ìyá Télọ̀ tó ń gbé lẹ́yìn ilé ìwé ló rà á, òun àti ọmọ rẹ̀. Màámà yẹn ò tíì dákẹ́ láti ìgbà náà. Ó yí Oníwo po, ó gbé ọmú rẹ̀ wò, ó wò mí lójú.

“Ṣé ara yín dá nínú ilé yín ṣá? Irú èyí lẹ̀ ń tà?”

Mo ní, “Ìyá mi ló ní ká tà á, mà.”

“Ìyá rẹ tó lọ sẹ́yìn odi?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n ní ìwo ló ń jẹ wàrà.”

Ó gbá àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pọ̀. “Á à! Nígbà náà, kí wọ́n fá irun orí mi, kí n lè máa ránṣọ yára!” Gbogbo àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ojú tì mí pé mo fi ìyá mi rẹ́rìn-ín. Ẹ dárí jì mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo ń lọ, Oníwo ké lẹ́yìn mi. Ohùn ewúrẹ́ burú, ó dà bí ọmọ tí wọ́n ń fún lọ́rùn. Mo di etí.

Apárí ti gun àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mi ò fẹ́ sọ bó ṣe rí. Mo dúró síbẹ̀ torí ẹ ní lórí fóònù pé kí n dúró láti mọ̀ bóyá ó gbà. Ahọ́n rẹ̀ yọ síta, ó ń pariwo bí ẹni tí ìlẹ̀kẹ̀ há lọ́fun, ìtọ̀ ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀ sẹ́yìn ìyàwó rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń bí gbogbo nǹkan tó wà láyé nìyẹn, mi ò fẹ́ wà nínú ẹ̀ láéláé.

Wàrà ti dín. Abọ́ mẹ́ta péré. Oníbúrẹ́dì ò béèrè mọ́.

Ẹ fi èsì ránṣẹ́ o.


Ọjọ́ ogún, oṣù kẹjọ

Afínjú mi,

O ṣeun. Ọmọ tó gbọ́ràn ni ọ́. Jẹ́ kí Ìyá Télọ̀ máa rẹ́rìn-ín, ẹni tó bá rẹ́rìn-ín kẹ́yìn ló máa mu wàrà.

Fún àwọn aboyún náà ní oúnjẹ dáadáa, kí o sì jẹ́ kí omi wọn mọ́. Mo ti ra àpò ẹrù kan báyìí, ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Mo ra bàtà fún Kékeré, ṣùgbọ́n mi ò mọ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tó. Fi okùn wọ̀n ọ́n kó o fi ránṣẹ́ sí mi.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kọkànlá

Màámi,

Wọ́n ti bímọ. Ẹ jókòó kẹ́ ẹ tó kà á.

Ọmọ méje ni. Orí gbogbo wọn dán, bẹ́ ẹ ṣe fẹ́. Inú mi dùn, mo ti ń ronú pé ẹ jàre mi. Mo gbé wọn sókè lọ́kọ̀ọ̀kan láti wo akọ àti abo. Akọ mẹ́ta. Abo kan. Àwọn mẹ́ta tó kù, mo wò, mo tún wò. Kékeré dúró tì mí, ó ń béèrè pé, “Akọ ni àbí abo?” Ó dà bí abo, ṣùgbọ́n nǹkan kan yọ níbẹ̀ bí ẹ̀wà, ó kọrí sílẹ̀. Mo pe Bàbá. Bàbá wọ gíláàsì, wọ́n wò, wọ́n bọ́ gíláàsì, wọ́n wọ̀ ọ́ padà.

“Bàbá, kí ni?”

“Ìyá rẹ ni kó o bi.”

Mo lọ pe dókítà ẹran. Kò tilẹ̀ pẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n. Orí Apárí ló kọ́kọ́ fọwọ́ pa, ó wá fọwọ́ pa orí àwọn ìyá. Ó ní, “Ta ló ní kẹ́ ẹ kó aláìníwo àti aláìníwo pọ̀?”

Mo ní a fẹ́ wàrà ni, pé bẹ́ẹ̀ ni orí wọn ṣe dán níbi iṣẹ́ ìyá mi lẹ́yìn odi.

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi níbẹ̀ náà, mo sì ń kọ ọ́ bó ṣe yé mi. Àìníwo fúnra rẹ̀ kì í ṣe àrùn. Ewúrẹ́ mìíràn wà tí wọ́n bí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí bàbá bá fún ọmọ ní àìníwo, tí ìyá náà tún fún un ní tiẹ̀, ọmọ tó yẹ kó jẹ́ abo lè yí padà nínú oyún. Kì í di akọ, kì í jẹ́ abo. Kò ní lóyún. Kò ní fún wàrà láéláé. Ó ní àwọn tó ń sin ewúrẹ́ mọ̀ ọ́n tipẹ́, pé ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ ní ìwo. Ó ní ìwo ò sì jẹ wàrà kankan rí.

Ó wá bi mí pé, “Níbi tí ìyá rẹ ti ń ṣiṣẹ́, ṣé bí wọ́n ṣe bí wọn náà nìyẹn? Kó béèrè lọ́wọ́ wọn.”

Mi ò lè jẹun. Àwọn ọmọ náà ń wá ọmú, wọ́n ń ju ìrù. Wọ́n ń rí mi lára, lẹ́yìn náà ni ara mi á tún máa rí mi lára torí wọn ò ṣe nǹkan kan. Bàbá ní ká pe alápatà. Mo ní kí wọ́n dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá fèsì.

Ẹ béèrè, Màámi. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá yín.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejìlá

Màámi,

Ẹ ò fèsì. Bàbá pè yín, ẹ ní iṣẹ́ pọ̀. Mo gbọ́ ohùn yín láti ẹ̀yìn Bàbá. Ohùn ẹni tó mọ nǹkan tí kò fẹ́ sọ ni.

Mi ò kí yín.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kìíní

Ọmọ mi,

Bí o kò tilẹ̀ kí mi, èmi kí ọ.

Mo béèrè lọ́wọ́ ẹni tá a jọ ń fọ páìpù, kò mọ̀. Ojú ń tì mí láti bi ọ̀gá. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan ṣàìsàn nílé àwọn ọmọ ewúrẹ́, ọ̀gá sì ní kí n lọ ràn wọ́n lọ́wọ́. Mi ò dé ibẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti débí. Ilé náà gbóná, koríko gbígbẹ wà nílẹ̀, ó dára lójú. Wọ́n gbé ọmọ ewúrẹ́ kan fún mi, wọ́n ní kí n dì í mú pinpin láàárín orúnkún mi. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì láyé. Mo fọwọ́ pa orí rẹ̀. Kókó méjì wà níbẹ̀. Wọ́n mú irin kan tó pọ́n bí ẹyín iná, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ kókó náà.

Òórùn yẹn, ọmọ mi. Irun tó jó, awọ tó jó. Ẹ̀rọ̀ ni òórùn òbúkọ tìrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ké lọ́wọ́ mi títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tó parí, wọ́n gbé òmíràn fún mi. Títí di ìrọ̀lẹ́. Mo lọ bì sínú agolo tí mo fi ọwọ́ ara mi fọ̀ láàárọ̀.

Mo bi ọ̀gá pé kí ló dé. Ó ní kí wọ́n má baà fi ìwo kan ara wọn lọ́mú. Ó ní gbogbo wọn ló ń bí ní ìwo, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tí kò ní. Ó béèrè ohun tó ń dùn mí. Mo ní èéfín ló bọ́ sí mi lójú.

Nítorí náà, òtítọ́ ni gbogbo ohun tí o kọ. Iṣẹ́ iná ni mo rí lórí wọn, mo pè é ní ẹ̀jẹ̀. Mo mú kó o ta èyí tó ń bọ́ ilé.

Mo ti rò ó. Màá lo ọdún méjì sí i. Màá fi kó ohun tá a máa fi ra òbúkọ gidi jọ, èyí tí ìyá rẹ̀ ń fún garawa tirẹ̀ lójúmọ́. Ká tún bẹ̀rẹ̀ bó ṣe yẹ. Fara balẹ̀ dè mí.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kejì

Màámi,

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú ìrora ojú. Mo bá yín bì nígbà tí mo kà nípa irin yẹn, mi ò purọ́.

Ṣùgbọ́n ọdún méjì kẹ̀? Ó ti sú mi. Ewúrẹ́ sú mi, garawa sú mi, oníbúrẹ́dì àti irùngbọ̀n ìtọ̀ sú mi, ẹ̀yin náà sú mi díẹ̀. Kékeré rí àwòrán yín lára ògiri, ó ní, “Obìnrin inú fóònù.” Mo ní màámi ni. Ó ní, “Màámi inú fóònù.”

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ti ṣe láìgba àṣẹ. Mo ta Apárí. Alápatà mú un lọ, ó sì di imú bí àwọn ọmọ kíláàsì mi. Mo rò pé màá jó. Mo délé, mo ń gbóòórùn rẹ̀ lára aṣọ mi, kò sì rí mi lára mọ́. Ìyẹn gan-an ló wá ń rí mi lára. Mi ò sọ fún ẹnì kankan.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ bá Ìyá Télọ̀. Kò fẹ́ ta Oníwo padà. Ó ní, “Orí mi ò tíì dán tó bẹ́ẹ̀.” Ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ti ń le nítorí abẹ́rẹ́, kò lè fún wàrà dáadáa. A jọ sọ ọ́. Mò ń lọ fún wàrà Oníwo fún un láràárọ̀, òun náà á jẹ́ kí ọmọ Oníwo, akọ yẹn, gun àwọn mẹ́rin wa. Ó ti di gìrìpá, ìwo rẹ̀ wọ́ bíi ti ìyá rẹ̀, òun náà ti ń tọ̀ sí irùngbọ̀n. Dókítà ẹran ní ó dáa: òun ní ìwo, àwọn ò ní, ọmọ wọn ò ní yí. Àwọn ọmọbìnrin wọn ni màá wo ọmú wọn. Ó lè gba ìran méjì. Ó lè má kún garawa méjì láéláé. Àwọn mẹ́ta tí kì í ṣe akọ tàbí abo yẹn, mi ò jẹ́ kí alápatà mú wọn. Wọ́n ń jẹ koríko, wọ́n ń tẹ̀ lé Kékeré kiri. Ẹ má bi mí ní ìdí.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dá mi lóhùn, ẹ má fi ewúrẹ́ dá a. Ká ní Oníwo ṣì wà níbí, ká ní garawa mẹ́wàá ló ń kún láràárọ̀, ṣé ẹ̀ bá ti wá sílé? Àbí ẹ̀ bá tún wá nǹkan mìíràn tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kún?

Ẹ dá mi lóhùn bí àgbà, torí mo ti dàgbà.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Mo ka lẹ́tà rẹ nínú balùwẹ̀, torí ibẹ̀ nìkan lèèyàn ti lè dá wà.

Mi ò mọ̀. Ìdáhùn mi nìyẹn. Nígbà tí mo ń lọ, gbogbo àdúgbò ló sìn mí dé títì. Wọ́n gbé ẹrù mi, wọ́n ń pè mí ní olóríire. Mo máa ń fojú inú wo ara mi tí mò ń padà bọ̀ lójú títì yẹn, tí àpò mi fúyẹ́, tí ọwọ́ mi là, tí mi ò ní nǹkan kan tí mo lè nà sí ẹnikẹ́ni. Àánú ara mi kì í ṣe mí bí mo bá rò ó. Ara mi ló ń rí mi lára. Mo rò pé bí garawa bá kún ṣáájú kí n tó dé, àwọn èèyàn á wo garawa, wọn ò ní wo ọwọ́ mi.

Bí mo bá sọ pé mò ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, bí mo ṣe wà yìí, ọwọ́ méjèèjì lófìfo, kí ni kí n sọ lẹ́nu ọ̀nà?

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Màámi,

Ẹ má sọ nǹkan kan. Ilẹ̀kùn iwájú ti rọ̀ sílẹ̀ láti ìgbà òjò, ó ń wọ́lẹ̀, Bàbá ò sì tíì tún un ṣe. Ọwọ́ méjèèjì lèèyàn fi ń gbé e sókè kó tó ṣí. Ẹni tó bá di ẹrù dání máa ń dúró síta ni.